Sójà Bẹ́ẹ̀rẹ̀ Lọ Wo Bàálù Ogun

"Ta ló sọ fún yín pé mo jókòó?"

Ohun tí olóògbé Gàfárù, tí gbogbo Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń pè ní Sójà, sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n fi hàn án pé àga kan ṣoṣo ló wà nínú bàálù ogun àtijọ́, ti awakọ̀ sì ni. "Ogun là ń jà, ẹ ń bèèrè àga!"

Muhydeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé ní gbogbo ọdún ogun Bíáfírà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ní Ọjà'ba làwọn méjèèjì jókòó sí, tí wọ́n ń rán ṣòkòtò sójà. Gàfárù rán ṣòkòtò títí, ó gbàgbé ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìtàn pé òun wọ bàálù jagun Bíáfírà ló fi fẹ́ Sìdí, Sìdí tí Muhydeen náà ń wá nígbà náà. Irọ́ tó gba obìnrin lọ́wọ́ ẹni kì í kúrò lọ́kàn bọ̀rọ̀. Nígbà tí Muhydeen gbọ́ pé wọ́n to àwọn bàálù ogun àtijọ́ síta lọ́nà Èkó, ó ní: "Gbé wa lọ, Gàfárù. Bí irọ́ bá já, a ó bọ́ orúkọ Sójà yẹn lọ́rùn ẹ, lójú ìyàwó ẹ."

"Ó yá, ẹ wọlé sínú mọ́tò!"

Mọ́tò ọ̀hún ni Fọkisiwágìnnì Ìjàpá kan tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ onílé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ Mápó wẹ́rẹ́, torí ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Níbi òkè àkọ́kọ́ tó yẹ kó gùn, ó kú. Ọlọ́pàá kan fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ó ṣí iwájú rẹ̀, ó kígbe: "Bàbá, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì yín gbé!"

"Ẹ̀yìn ló wà, ọ̀gá. Níbo lẹ ti rí ìjàpá tó gbé ẹrù síwájú?"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Gàfárù tẹ̀ ba níwájú bàálù. "Ẹ kú ìfẹ̀yìntì o."

Sójà tó ń ṣọ́ bàálù náà ní, "Bàbá, kì í dáhùn."

"Àgbà ni. Ṣé gbogbo èèyàn ló yẹ kó máa dá lóhùn ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àga ti dé. Muhydeen fò sókè: "Ó dúró, ẹ gbọ́! Orí ẹ ńkọ́? Gíláàsì ni wọ́n fi dé ibẹ̀ pa!"

Gàfárù rọra ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ń dán bí àwo. "Látọjọ́ yìí wá, o ò bèèrè ohun tó fá irun mi rí. Atẹ́gùn òkè ni."

Sójà tó ń ṣọ́ bàálù rẹ́rìn-ín títí, ó gbọ́wọ́ sókè, ó kí i bí ọ̀gágun. Sìdí ń pàtẹ́wọ́. Muhydeen ló ti mọ́tò nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Gàfárù kú nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ fídáù, Muhydeen ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́, ó kọjú sí Sìdí.

"Ìyá Zulaihat, Gàfárù ò wọ bàálù ogun rí."

"Èmi ò mọ̀ ni? Ẹni tí àkàbà ń kó láyà sókè!"

"Ẹ wá fẹ́ ẹ?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti òun wá sílé wa, rírán ṣòkòtò lẹ̀yin fi gbogbo ọ̀sán ṣàlàyé fún mi. Òun pa mí lẹ́rìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omi lójú rẹ̀. "Ta ni yóò máa parọ́ fún mi báyìí?"

Muhydeen, tí kò fi irọ́ tó orí abẹ́rẹ́ kún òótọ́ rí láyé rẹ̀, wo ilẹ̀, ó wo òkè.

"Ṣé ó sọ ti ọjọ́ tí bàálù gbàgbé rẹ̀ sójú sánmà fún yín?"

Sìdí fi ìborùn nu ojú. "Rárá o. Ẹ sọ ọ́."