Àgbò Ló Ń Tan Iná Pupa

Àgbò kan fojú mi rí màbo lónìí!

Wáyà fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń tún ṣe. Láti àárọ̀ ni iná pupa tó ń sọ pé wáyà ti níṣòro ti ń tàn lórí ẹ̀rọ wa ní Muṣin. Á tàn, á kú, á tún tàn. Mo nu ẹnu wáyà, mo pààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ, pàbó.

Mo bá fẹsẹ̀ tọ wáyà náà lọ. Ẹ̀yìn ilé Alájì kan ni mo ti bá àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́ ọn! Mo pe ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń sọ ohun tó ń rí fún mi. Tí àgbò bá fà á, iná á tàn. Tó bá dùbúlẹ̀, á kú.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ so ẹran mọ́ o!"

"Gbogbo okùn tí mo rà ló já. Tiyín yìí nìkan ló dá a dúró. Bó o ṣe wá yìí, bá mi wo íńtánẹ́ẹ̀tì mi, kò ṣe dáadáa látàárọ̀."

Mo kọ "àgbò ni" ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ó ní ṣé mo ti mutí ni.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n fi fọ́tò àgbò ránṣẹ́ sí i, àbí kí n ní sùúrù di Iléyá, kí n gbé itan rẹ̀ lọ fún un bí ẹ̀rí?