Ìdí-Ọkọ̀ àbí Ìdí-Òkò

Mo ṣì kéré nígbà náà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀wé kà, ohun tó sì kó bá mi nìyẹn. Ìgbẹ̀ìn nílé wa wà, tíṣà ni bàbá mi. Bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi, wọn á mú mi lọ sí Kútọ̀, wọn á fi mí sínú lọ́rì tó ń lọ sọ́nà Èkó, màá sì sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Ìtòrí. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ti máa ń dúró dè mí, a ó sì jọ fẹsẹ̀ rìn dé abúlé wọn létí odò Ògùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé odò kékeré ni mò ń wí o. Níwájú abúlé wa, odò yẹn pín sí méjì, ó fi ilẹ̀ kan sáàárín. Àárín-Omi là ń pe ilẹ̀ náà. Ilé-ìwé ni mo ti gbọ́ pé erékùṣù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni oko ẹ̀fọ́ àti àgbàdo wa wà, àwọn kan sì kọ́lé síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àbúrò ìyá mi lọ́kọ sí. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì tún ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọkàn ìyá àgbà kì í balẹ̀ nítorí rẹ̀, torí pé òdìkejì lọ́dọ̀ tiwa ni ilé ìgbẹ̀bí wà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìkan ló sì ń gbéni sọdá.

Ní ìsinmi oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ fún wa ní ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnì tí yóò máa ná Àárín-Omi. Ẹ ò rí i pé ìròyìn ayọ̀ ni? Abúlé wa kò yọ̀. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn kan ní ilẹ̀ wa ni ìjọba fẹ́ gbà. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ wá mọ iye ọkùnrin tó yẹ kó san owó-orí ni. Obìnrin kan tilẹ̀ kó ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé, mi ò sì mọ ohun tó kan ewúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ títí di òní.

Èbúté méjì ni ọkọ̀ náà lè máa gúnlẹ̀ sí. Ti ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀, ó sì jìnnà sí títì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ọlọ́pọ́n ń lò. Ibẹ̀ ni àtíbàbà tí ìyá àgbà ti ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà wà. Ti òkè rẹwà, iyanrìn funfun ló wà níbẹ̀, ó sún mọ́ títì, ilẹ̀ bàbá olóbì kan tó lówó lọ́wọ́ ló sì bá a pààlà. Bàbá olóbì ní Ìdí-Ọkọ̀ ni orúkọ ibẹ̀ látayébáyé, pé ibẹ̀ ni àwọn baba wa ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Ìyá àgbà ní irọ́ funfun báláú ni, Ìdí-Òkò ló ń jẹ́. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí atukọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀, òkò ni yóò kọ́kọ́ sọ sómi, tí yóò sì fetí sílẹ̀. Bí ó bá dún jìbú, kó máa bọ̀. Bí ó bá dún kò, àpáta ń bẹ lábẹ́, kó yáa yí padà.

Kí lẹ rò pé àwọn ará abúlé wí? Wọ́n ní àtíbàbà rẹ̀ ló ń jà fún. Òun náà ní bàbá olóbì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ rẹ̀ ni. Olúkúlùkù ń fura sí ẹnì kejì, ìkíni àárọ̀ gan-an di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà ń fura sí ìyá àgbà. Mo ti gbọ́ nígbà tó ń sọ fún ará ilé kejì pé, “Bí ọkọ̀ bá lọ sókè, ta ni yóò máa jẹ ẹ̀kọ mi?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àlọ́ ni ọ̀rọ̀ òkò.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ìjọba kan dé pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbọ́ èdè wa dáadáa, akọ̀wé rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un. Àwọn àgbà pàdé rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ariwo sì ta. Ọ̀gá ní òun ò wá gbọ́ ìjà, orúkọ tí èbúté òkè bá ń jẹ́ nínú ìwé àwòrán yẹn lòun máa tẹ̀ lé. Bàbá olóbì ní kí akọ̀wé kà á, ìyá àgbà ní rárá o, ta ló mọ ibi tí akọ̀wé ti jẹun láàárọ̀? Ló bá tì mí síwájú. “Ọmọ mi mọ̀wé. Kò sì ní ilẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kó kà á.”

Mo wo ìwé náà. IDI OKO ni wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyá àgbà fẹ́ gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ara túbọ̀ fu mí. Kútọ̀ wá sí mi lọ́kàn, ìdíkọ̀ tí mo ti ń wọ lọ́rì. Mo gbóhùn sókè, mo ní, “Ìdí-Ọkọ̀ ni, sà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà wò mí. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Bí ìwé bá ti wí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí?” Ó sì dìde, ó lọ.

Ìjọba tí kì í yára, ó yára lọ́dún yẹn. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ọkọ̀ ti dé, omi sì kún dẹ́nu, ó ń gúnlẹ̀ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ya ìsàlẹ̀ jẹ ẹ̀kọ mọ́. Wọ́n ní bí ìyá àgbà bá ń kọjá, àwọn ọ̀dọ́ á kí i pé, “Ìyá olókò, ẹ kú òkò o!”

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ Kérésìmesì. Ọyẹ́ ti mú, omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan sáré wá pé àbúrò ìyá mi ń rọbí, pé wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀. Ìyá àgbà sáré lọ sí èbúté òkè, mo tẹ̀ lé e. Ó ṣa òkò, ó sọ ọ́ sómi. Kò. Ó sọ òmíràn. Kò. Ló bá ń ju gèlè rẹ̀, ó ń kígbe sí wọn pé kí wọ́n gba ìsàlẹ̀ lọ, ariwo ẹ́ńjìnì kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọkọ̀ náà gun àpáta, ó dẹ̀gbẹ́, omi ń wọ inú rẹ̀. Ibi tó há sí kò jìnnà rárá, èmi ọmọdé lè sọ òkò débẹ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sómi, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹni tó ń rọbí gbé la omi àti àpáta kọjá, kí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì tó ti ìsàlẹ̀ dé láti gbé aboyún náà kúrò, oòrùn ti ń wọ̀. Àbúrò ìyá mi yè é. Ọmọ náà kò yè é. Ọkùnrin ni.

Bàbá olóbì wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní kó dìde, pé kì í ṣe bàbá náà ló kọ ìwé. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Títí ìyá àgbà fi kú, ìwé ló ń dá lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ mi sí i, á ní ohun tí ọmọ òun rí ló kà. Ká ní ó tiẹ̀ nà mí ni, bóyá màá ti gbàgbé. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi kò tíì dàgbà tí mo fi lò ó, ẹni tí kò sì yẹ ni mo lò ó fún.

Ayé ti yí o. Ọ̀dà ti dé abúlé yẹn, iná mànàmáná ń tàn nígbà tó bá wù ú. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé. Ó ní ìjọba fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tuntun sí Àárín-Omi, àwọn ará abúlé sì ní kó wá bi mí ní ibi tó yẹ kó máa gúnlẹ̀ sí. Bàtà rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ti dé etí odò lọ, ara sì fu mí. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, àwòrán ilẹ̀ wà lójú rẹ̀. Iyanrìn funfun yẹn rèé, orúkọ rẹ̀ rèé: Idi Oko.

Mo ní, “Kà á fún mi, ọmọ mi.”

Ó ní, “Ìdí-Oko, mà. Ó dà bíi pé wọ́n ti dáko níbẹ̀ rí.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ Ìdí-Òkò sórí bébà, mo fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ àpáta fún un, mo sọ ti ọkọ̀ tó gun ún, mo sọ ti ọmọ náà. Ó gba bébà náà, ó kà á.

“Ta ló wá ní kí wọ́n lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà yẹn, mà?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí, tí mo ṣì ń fura sí bàtà rẹ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún. Ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún ti lọ.