Ẹ̀yìn Ló Ń Ro Màmá Mi, Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ni Wọ́n Ń Béèrè

Ẹ̀yìn ló ń ro màmá mi tí mo fi mú wọn láti Òkèlúsè wá sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ mú wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, màmá yìí kì í wúkọ́ o." Ó ní wọ́n ń rù, ara wọn sì ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, dókítà fura sí ikọ́ ife.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, màmá mi rin orín, wọ́n fi omi iyọ̀ yọ ẹnu ṣáká, kí wọ́n tó tutọ́ sínú ike tí nọ́ọ̀sì fún wa. Wọ́n ní, "Ṣé ìdọ̀tí ẹnu ni kí n gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ni?" Ẹ̀rín pa mí. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó pòṣé, ó ní ká mú òmíràn wá láìfọ ẹnu. A mú un wá. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún wọn náà mọ́ tónítóní.

Bí wọ́n ṣe wọ́gi lé ikọ́ ife nìyẹn. Oògùn ibà, oògùn táífọ́ọ̀dù, oògùn làkúrègbé, màmá mi lò ó tì. Àwọn ará ilé ní ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀gẹ́, báwo ni ẹ̀yìn ò ṣe ní ro ó? Inú ń bí mi, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bá jà?

Kókó kan yọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Ẹsẹ̀ wọn wá kú tipiri, bàtà á bọ́, wọn ò ní mọ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. A gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́ fún fọ́tò tó ń wo inú eegun. Dókítà ibẹ̀ ní ikọ́ ife náà ni, inú eegun ẹ̀yìn ló wà, kò dé ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ó ti jẹ eegun, eegun ti tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Mo bi í pé ṣé màmá mi á tún rìn. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ná.

Màmá mi ní tiwọn ń yọ̀. "Ṣé wọ́n ti wá rí i?"

"Wọ́n ti rí i, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun. Fà mí dìde ká máa lọ sílé."

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo dì í mú, mo fà. Àyà wọn gbéra, ẹsẹ̀ ò tẹ̀lé e. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n wá wojú mi.

"O ò fà mí dáadáa."