Iwe Adìẹ àti Ìwé Ìròyìn

Nígbà tí mo ti yunifásítì òkè òkun dé, ohun méjì péré ni mo mú bọ̀: kóòtù onírun àgùntàn tí kò wúlò lábẹ́ oòrùn Ọ̀kà, àti àṣà kí n máa tún ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bi mí léèrè ṣe. Ìyá mi ní kí n bọ́ kóòtù náà kó tó pa mí. Àṣà kejì kò ṣe é bọ́.

Ọdún náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti Èkó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkàrẹ́. Ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ló ń sanwó oṣù fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé àwọn àgbà wa. Bàbá kan ní àdúgbò wa bi mí pé, “Ṣé tí wọ́n bá ti oko dé ni wọ́n ń gbá a?” Mo ní rárá o, bọ́ọ̀lù náà ni oko wọn. Bàbá náà mi orí títí. “Òyìnbó tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa ló ń fún ẹni tó ń ṣeré lówó? A jẹ́ pé owó orí wa náà ló ń sá kiri lórí pápá yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa nítorí àbúrò mi. Alágbàṣe ni, ebè àwọn ará Etíòro ló ń kọ káàkiri, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún bí ẹ̀yìn arúgbó. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀kà títí dé Ìṣùà, kò sí ẹni tó lè gba bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mú un mọ́ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Àkókó. Nígbà tí àwọn ará Èkó sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì, aṣíwájú wọn sọ ohun kan fún un. Ó ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwọn kì í tẹ̀lé àwọn rìnrìn-àjò, ìwé ìròyìn ló máa ń kà. Ẹni tí ìwé ìròyìn bá ti dárúkọ pé ó jẹ góòlù lára àwọn, ọ̀gá á ránṣẹ́ pè é, á sì máa sanwó oṣù fún òun náà.

Láti ìgbà náà ni àbúrò mi kò ti gbé ọkọ́ mọ́. Ó ní ọkọ́ á ba ẹsẹ̀ òun jẹ́.

Kí n sọ èyí fún ẹni tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù rí: láàárín wa, ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, a kì í ní ó fi sáwọ̀n. A ní ó jẹ ẹ́, bí ọlọ́pọ́n ṣe ń jẹ ọmọ ayò. Gbogbo ọmọdé Ọ̀kà ló mọ èyí. Ìyá mi kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Òkè-Àgbè ni, èdè tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń rìn lórí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Akọ̀ròyìn méjì àti ayàwòrán kan ni ìwé ìròyìn Yorùbá kan rán wá. Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó pẹ́ lórí oúnjẹ wọn. Kòtò wà láàárín pápá tí ewúrẹ́ lè sùn sí, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ló dìde sọ̀rọ̀. “Akọ̀ròyìn tí ebi bá ń pa,” ó ní, “á lọ kọ ọ́ pé ìyàn mú ní Àkókó.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Òun náà ni balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Kì í ṣe pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Òun nìkan ló ní bàtà bọ́ọ̀lù, òun ló sì mọ ẹjọ́ tí yóò kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́ àti èyí tí yóò rà sí abẹ́ tábìlì. Ẹjọ́ ilẹ̀ ìyá mi wà lábẹ́ tábìlì nígbà náà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí ìyá mi wá se oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, kò kọ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó jẹ ẹ́. Adìẹ ìyá mi ni, iṣu ìyá mi ni, ọwọ́ rẹ̀ ló sì gún un. Àmọ́ òun náà ní ète tirẹ̀. Àkùkọ tó tóbi jù lọ ló pa, ó sì fi iwe rẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò fún olórí akọ̀ròyìn. Ní ilé wa, baálé nìkan ló ń jẹ iwe. Ó ní ẹni tí òun bá fún ní iwe kò ní gbàgbé ọmọ òun.

Wọ́n pa àtíbàbà sẹ́yìn pápá, níbi tí òórùn ọbẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ àlejò tí bọ́ọ̀lù kò sì ní ba abọ́ jẹ́. Wọ́n yan ibẹ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀, ènìyàn kò lè rí pápá. Ayàwòrán ya akọ̀wé kóòtù níbi tó ti gbé bàtà lé orí bọ́ọ̀lù, ó pa àpótí rẹ̀ dé, ó sì lọ jókòó ti iyán.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé kóòtù yà sí àtíbàbà láti kí àwọn àlejò. Ó ṣí ìkòkò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì mú iwe. Ìyá mi ń wò ó. Ó rántí abẹ́ tábìlì, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yìn ìrun alásárì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Etí pápá ni mo dúró sí, mo rí ohun gbogbo. Bàtà akọ̀wé kóòtù tú, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá mi, ó ń so okùn. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí àbúrò mi gba bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Ó fi kòtò yẹn tan ará Èkó kan jẹ, ìyẹn já sí i. Ó kọjá èkejì, ó sì rán bọ́ọ̀lù lọ bí òkò. Ìkàrẹ́ pariwo. Akọ̀wé kóòtù gbójú sókè, ó bi mí pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Góòlù kan ṣoṣo ọjọ́ náà nìyẹn. Àwọn ará Èkó gbé àbúrò mi sókè nígbà tí eré parí. Aṣíwájú wọn ní, “A óò máa retí rẹ ní Èkó o.” Nígbà tí a dé àtíbàbà, àwọn akọ̀ròyìn ti ń fọ ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lọ́rì gbé ìwé ìròyìn dé. Mo kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ka ìwé ní yunifásítì. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí. Mo kà títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, “Balógun Àkókó, akọ̀wé kóòtù, ló jẹ góòlù náà. Ó kàn mú un, ó jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á bó ṣe wà jàre.”

“Bó ṣe wà nìyẹn.”

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀gúsí. “Tún ibi ojú ẹnikẹ́ni yẹn kà.”

Mo tún un kà.

“Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn,” ó ní.

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí ariwo ta, olórí akọ̀ròyìn ń fi ọwọ́ tú ọbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Ìyá, ta ló jẹ ẹ́?” Ìyá mi rò pé ọkùnrin náà ti mọ̀ pé iwe kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ọ̀gá akọ̀wé kóòtù ni, kì í ṣe èmi.” Akọ̀ròyìn ní, “Ó dá yín lójú?” Ó ní, “Ojú mi ló ṣe. Ó kàn mú un, ó jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni.” Inú akọ̀ròyìn dùn, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́, ó sì tún gba iyán.

Àbúrò mi ní, “Ìyá, ṣé iwe yẹn tóbi?”

“Ó tóbi, ọmọ mi.”

“Ó yẹ kó tóbi.”

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tí mo mọ̀. Èsì dé pé àwọn kò lè yí ìròyìn padà, nítorí ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i ló sọ fún àwọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àti pé inú àwọn á dùn tí ìyá ọjọ́ yẹn bá lè tún gún iyán.

Akọ̀wé kóòtù ni ọ̀gá Èkó ránṣẹ́ pè. Ó lọ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. A gbọ́ pé wọ́n gbé e sórí pápá lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì rí i bó ṣe rí. Wọn kò dá a padà. Wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, wọ́n fún un ní tábìlì, ó sì ń gbowó oṣù. Ẹjọ́ ìyá mi kò kúrò lábẹ́ tábìlì tó fi sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, ìgbìmọ̀ tún wá sílé wa. Ìyá mi kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún iyán bí kò bá lọ? Àbúrò mi kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà. Ó ti padà sídìí ebè, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbà á láyè eré mọ́. Ó tẹ̀ lé ìyá wa lọ sí àtíbàbà láti bá a gún iyán, èmi náà bá wọn gbé odó. Ìyá mi yọ iwe nínú ọbẹ̀, ó nà án sí i ní kọ̀rọ̀. Ó kọ̀ ọ́. “Ẹ gbé e fún àwọn tó ń jẹ.”

Ọmọrí odó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ariwo ta lórí pápá. Olórí akọ̀ròyìn ọdún tó kọjá náà ló wà níbẹ̀, iwe wà lẹ́nu rẹ̀. Kò dìde. Ó kàn bojú wò wá.

“Ta ló jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá,” àbúrò mi dá a lóhùn, ó sì ju ọmọrí odó sílẹ̀ nínú iyán.

Akọ̀ròyìn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ yìí mọ àwàdà, kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún òun.