Ìbéèrè Tí Mo Gbé Lọ sí Àgùdà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé mi ní Mọníyà, n'Ìbàdàn. Rélùwéè kì í dúró de ẹni tó ń wé gèlè, nítorí náà mo ki gèlè bọ báàgì, mo forí lé ibùdókọ̀. Inú báàgì yẹn náà ni ìwé ìbéèrè mi wà. Iṣẹ́ wa nílé ìwádìí tí mo wà ni pé ká kó àwọn ohun èlò tí àwọn olùwádìí lè fi mọ bí ọkàn àti ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ṣe rí jọ sójú kan. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ti Yorùbá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè dáhùn rẹ̀.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé mi o. Bísọ́lá, tí a jọ dàgbà ní Àgùdà l'Ékòó, ló pè mí pé ọmọ òun obìnrin kì í sùn lóru mọ́. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Kíláàsì ló ti ń sùn báyìí. "Àǹtí Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í léèrè." Ìyá Bísọ́lá ni a sin láìpẹ́ yìí.

Ògì gbígbóná àti àkàrà ni mo fi panu kí ọkọ̀ tó ṣí. Oòrùn ti mú nígbà tí a dé Ẹbúté-Mẹ́ta. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Òjúẹlẹ́gbà, ibẹ̀ ni mo ti rí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Àgùdà, ẹ wọlé! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" ni awakọ̀ náà ń pariwo.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mọ́mì. Ẹ káàárọ̀ mà. Ìbàdàn lẹ ti ń bọ̀, àbí?"

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó bá ń dúró de ìkíni níbí, kì í ṣe ará Èkó!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Èmi tí wọ́n bí sí Àgùdà!

Àdúgbò wa ti yí padà. Wọ́n ti gé igi fúrúùtù iwájú ilé àwọn Bísọ́lá, wọ́n da kọnkéré sójú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Abẹ́ igi yẹn ni Màmá Bísọ́lá máa ń gbé àpótí sí nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ọmọbìnrin ojúlé wa á tò sílẹ̀ fún irun dídì. Orí mi á wà láàárín orúnkún wọn, òórùn òróró àgbọn á gba imú mi kan. Ah, ayé ìgbà yẹn!

Ní pálọ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Màá pè é ní Morádékẹ́, orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Mo ní kó jókòó síwájú mi, mo wọ awò ojú, mo bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé inú rẹ máa ń bàjẹ́?"

"Rárá mà."

"Ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́?"

"Rárá mà."

"Ṣé ẹnìkan tó o fẹ́ràn ti kú?"

"Rárá mà. A dúpẹ́ mà."

Hà! Ìyá ìyá rẹ̀ ńkọ́? Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí ọmọ náà, sí ìwé mi ni. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa wo ló máa wo àgbàlagbà lójú, tí á ní inú òun ò dùn nílé bàbá òun?

Mo ká ìwé náà kò. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irun rẹ̀ ti ta kókó.

"Ta ló ń di irun fún ọ?"

Ó dorí kodò. "Mọ́mì Àgbà ni tẹ́lẹ̀."

"Gbé àpótí wá. Mú òòyà."

Ó jókòó sáàárín orúnkún mi, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo ya irun, mo fi òróró àgbọn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣùkú bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe kọ́ mi. N ò bi í ní nǹkan kan. A ti di díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde.

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sunkún. Wọ́n ní Mọ́mì Àgbà ti dàgbà, pé ká máa jó, ká máa dúpẹ́. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn. Tí mo bá na ọwọ́ lóru, n ò rí wọn."

Ọwọ́ mi dúró. "Sunkún, ọmọ mi. Sun ún dáadáa."

Ó sunkún tẹ́rùntẹ́rùn. Mo ń di irun náà lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, mo bi í bóyá kí n sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́. Ó tún ní kí n kọ ọ́, tí mo bá ti lè yí orúkọ òun padà. Mo sọ ọ́ fún Bísọ́lá kí n tó kúrò níbẹ̀.

Rélùwéè ìrọ̀lẹ́ ló gbé mi padà sí Mọníyà. Nínú ọkọ̀, mo kọ ọ́ sí iwájú ìwé ìbéèrè náà pé kí olùwádìí má ṣe jókòó kojú sí ọmọ, kí òun àtọmọ náà jọ máa fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan kí ìbéèrè tó dé. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyẹn, mo sì rò pé ó tán síbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà nílé nígbà tí Bísọ́lá pè.

"Àǹtí, ó ti sùn. Kò tiẹ̀ dúró jẹun."

"A dúpẹ́ o."

Mo gbọ́ tó fa imú.

"Bísọ́lá?"

"Ìyá tèmi náà ni, Àǹtí. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n ṣíwájú ijó."

Òórùn òróró àgbọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, àwa méjèèjì sì sunkún Màmá.