Patron Ń Dúró Létí Ọ̀sà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Adamou, ẹ pe ológbò wọn ní ẹran lásán. Èmi a máa pè é bẹ́ẹ̀ dáadáa. Patron, ìyẹn Ọ̀gá, lorúkọ ẹ̀. Adamou ọmọ wọn ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ó ní kì í ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ó ń jẹun ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹrù ni Adamou ń rù ní port. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi, pinasse, ló ń gbé e wálé sí Boribana, àdúgbò wa, Patron á sì ti jókòó sétí ọ̀sà dè é. Lọ́dún quatre-vingt-treize, 1993, pinasse náà dojú dé. A ò rí òkú Adamou. Ìyá ní kí wọ́n kírun sí i lára bẹ́ẹ̀, wọ́n gba kádàrá. Nígbà tí òjò tún wó yàrá wọn, wọ́n fẹ́ kó lọ sí Anyama, níbi tí wọ́n ti ń ta obì. Ológbò yìí nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tí Adamou fi sílẹ̀. Ìyá búra pé ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò kú sí.

Wọ́n ki Patron sínú àpò, wọ́n fi àpò náà pòòyì títí kó má baà mọ ọ̀nà padà, bí wọ́n ti í ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wa. Nínú gbaka, ọkọ̀ èrò, Patron bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Apprenti tó ń gbowó ọkọ̀ ní kí la vieille, ìyá arúgbó, fún ọmọ lọ́mú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un pé irunmú bàbá ẹ̀ ló jogún."

"Aláìlójútì! Ìwọ ni n ó kì sínú àpò lẹ́yìn rẹ̀."

Kò pẹ́ ní Anyama tí Patron fi di àwátì. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Lassissi apẹja, aládùúgbò wa àtijọ́, wá kí Ìyá.

"Ìyá, ológbò yín wà ní Boribana o. Ó ti gbẹ bí igi."

"Irọ́! Ṣebí mo fi í pòòyì!"

"Bóyá ẹ̀yin gan-an ni òòyì kọ́, Ìyá," ni mo wí.

A gbé àpò, a ra sàdíìnì, ó di Boribana. Orí àlàpà ni Patron nà sí, níbi tí ẹní Adamou máa ń wà. Ìyá lu agolo sàdíìnì, wọ́n pè é. Ó mọ̀ wọ́n! Ó fara ra wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ki ẹnu bọ ẹja. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya ẹnu àpò.

Ni pinasse bá dún.

Patron fi ẹja sílẹ̀, ó sáré sétí omi. Bí àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹsẹ̀ wọn, ó ń gbójú sókè wo ojú wọn, ó ń lọ bá ẹni tó kàn. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ó jókòó, ó kọjú sí ọ̀sà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n lọ kì í sínú àpò kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìyá ká àpò náà, wọ́n fi há abíyá.

"Bí a bá gbé e lọ, ta ni yóò wà níbí de ọmọ mi?"

Wọ́n da ìyókù sàdíìnì sórí àlàpà, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, a lọ wọ gbaka.