Yàrá Sìmẹ́ǹtì Tí Wọ́n Kọ́ Fún Erè

Obì ni Fáyọ̀kẹ́ ń tà ní ìlú Ifangni, ní Dahomey. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé tó ju ti obì lọ: òun ló ń tọ́jú erè tí ìyá ọkọ rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Ẹ má pè é léjò níwájú àwọn ará ilé náà o! Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Jẹ́jẹ́ ló máa ń ká jọ sínú ìkòkò bí òṣùká, kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Bó bá kú sí Fáyọ̀kẹ́ lọ́wọ́, kò ní í sí ojú tí yóò fi wo ìdílé ọkọ mọ́.

Nígbà tí Dahomey gba òmìnira, Séraphin, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́lé ní Porto-Novo, kó sìmẹ́ǹtì wá sílé. Ó ní òyìnbó ti lọ, Ìyá Àgbà ò gbọdọ̀ sùn sílé alámọ̀ mọ́. Ó kọ́ yàrá fún un, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, òrùlé páànù, ògiri funfun báláú. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, Fáyọ̀kẹ́ náà pàtẹ́wọ́. Áà, ìfẹ́ tó fẹ́ẹ̀ pààyàn nìyẹn!

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo èèyàn là. Erè fẹ́ bọ́ awọ, awọ ò bọ́. Ó ń ya wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ojú rẹ̀ méjèèjì funfun bíi pé wọ́n da ògì sí i. Eku sá kọjá níwájú rẹ̀, kò mọ̀. Àyà Fáyọ̀kẹ́ já. Ó bu omi, ó dà á sílẹ̀ yàrá. Omi dúró lórí sìmẹ́ǹtì, ikùn erè sì lé ròrò pupa. Bó bá sì dáwọ́ omi dúró, ooru páànù á mú gbogbo ara rẹ̀ gbẹ ráúráú.

“Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, ça va aller, á dára,” Séraphin ní. “Màá tún yàrá náà kùn.”

“Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun nǹkan kan mọ́! Ìyá ń fọ́jú lọ!”

Ìbànújẹ́ yìí ló gbé jókòó ti agbọ̀n obì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń ṣà á. Obì òkè ti rọ, ewé tó bò ó ti gbẹ. Ti ìsàlẹ̀ ti rà, omi ti dúró síbẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ewé tútù ń dán gbinrin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọlọ́run ò! Ṣebí ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ rèé!

Ó sáré padà sínú ilé alámọ̀ àtijọ́. Ó ri ìkòkò mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ó wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká, kò wọ́n sínú rẹ̀. Ó tẹ́ ewé gbígbẹ sínú, ó gbé erè sí i, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù bo ẹnu ìkòkò, ó sì fi àyè atẹ́gùn sílẹ̀. Láràárọ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni ń yẹ obì wò: ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ́rinrin, àmọ́ omi ò gbọdọ̀ kán níbẹ̀. Inú Séraphin ò dùn rárá pé wọ́n pa yàrá òun tì.

Ó wá di òwúrọ̀ kan, Fáyọ̀kẹ́ ṣí ewé, ó kígbe. Séraphin sáré wọlé. Awọ àtijọ́ wà nílẹ̀ lódindi, láti ètè dé ìrù, awọ funfun tó bo ojú méjèèjì náà bá a bọ́. Erè fúnra rẹ̀ ń kọ mànà, dúdú àti pupa tótòtó, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a. Séraphin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Fáyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. Ó gbé ìka rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, orí erè tẹ̀ lé e. Ó gbé e sósì, orí tẹ̀ lé e.

“Wọ́n rí mi,” ó ní, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Ẹ gbà mí o, Ìyá rí mi!”